Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà: Ìtàn Ìdógò àti Ìràpadà Ilé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a óò rìn já tí a kò ní rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sí lára ògiri rẹ̀ pé: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Àlejò lè rò pé onílé ń ṣe fáàrí ni. Kì í ṣe fáàrí rárá. Ìbẹ̀rù ni ó gbé ọ̀dà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn, bóyá ọmọ ìyá rẹ̀ pàápàá, lè ti gbé ìwé ilé náà tọ ẹni tí yóò rà á lọ, tàbí ẹni tí yóò yá a lówó lé e lórí, láìjẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú kíláàsì tí mo ń kọ́ ṣàdédé dẹ́kun wíwá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àárín sáà. Nígbà tí mo wádìí, mo gbọ́ pé wọ́n ti lu ilé bàbá rẹ̀ ní gbàǹjo. Bàbá náà ti fi ìwé ilé yá owó òwò, òwò náà kò sì gbè é. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi ń gba lẹ́tà ìkìlọ̀ lóríṣiríṣi, tí ó sì ń tọ́jú wọn sí abẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ tí bélífù dé ni ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ kan tí mo bá pàdé níbẹ̀ sọ fún mi pé: "Tíṣà, ká ní a mọ̀ ni, à bá dá owó náà."

Gbólóhùn yìí ni ó sún mi dé ìdí ìwádìí tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín. Ìbéèrè tí a óò gbìyànjú láti dáhùn ni èyí: nígbà tí gbèsè bá fẹ́ gba ilé tàbí oko lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, níbo ni àwọn Yorùbá ti máa ń rí ìrànlọ́wọ́ láti ìgbà láéláé wá? Èrò wa ni pé, láti ìgbà owó ẹyọ títí di ìgbà tiwa yìí, ohun tí ó sábà máa ń gba ilé sílẹ̀ ni kí gbèsè náà má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbàkigbà tí a bá rí i tí ilé ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, a ó rí i pẹ̀lú pé ọ̀nà kan ti là tí ẹnì kan lè gbà fi ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé wọ gbèsè láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan

Kí á tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí á ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, nítorí àwọn olùdánwò a máa da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sin olówó nítorí owó tí a yá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé. Kì í dín ojú owó kù. Ìdógò ni ohun ìní, bí oko, ilẹ̀ tàbí ilé, tí a fi sí ọwọ́ ayánilówó títí a ó fi san owó rẹ̀. Onídùúró ni ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, tí ó ṣe ìlérí pé bí ajigbèsè kò bá san án, òun yóò san án. Bí a bá wí pé olówó gbẹ́sẹ̀ lé ilé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti gbà á pátápátá tàbí pé ó fẹ́ tà á láti fi gba owó rẹ̀. Gbàǹjo sì ni títa ohun ìní ní gbangba fún ẹni tí ó bá dá owó jù lọ lé e.

Ológò, Ìwọ̀fà àti Òṣómàáló

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣe àpèjúwe bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè tí ó ti le ní ayé àtijọ́. Bí ajigbèsè bá kọ̀ tí kò san owó, olówó a háyà ológò. Ológò yìí kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin alágídí, ẹlẹ́nu mímú ni í máa ń jẹ́. Yóò wọ inú agbo ilé ajigbèsè, yóò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí iyàrá ajigbèsè tàbí ti baálé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbogbo ilé lẹ́nu. Yóò béèrè oúnjẹ tí ó dára, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí, yóò bú ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Kò ní jáde títí tí owó yóò fi pé.

Ohun tí ó yẹ kí á kíyèsí níbẹ̀ ni pé adìyẹ tí ológò ń pa kì í ṣe ti ajigbèsè nìkan, àti pé gbogbo agbo ilé ni ó ń fetí gbọ́ èébú rẹ̀. Ìlànà náà kò ka gbèsè sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ọmọdé tàbí àgbà nínú agbo ilé náà tí kò ní mọ iye tí a jẹ, ẹni tí a jẹ ẹ́ àti ìdí tí a fi jẹ ẹ́. Baálé yóò pe ìpàdé, wọn yóò dá owó jọ, tàbí kí wọ́n lọ bẹ olówó pé kí ó fún àwọn ní àsìkò. Ìtìjú ni ológò ń lò, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò parí sí orí ajigbèsè. Ó ń ti àwọn tí ó lè ràn án lọ́wọ́ dìde. Irú ọgbọ́n kan náà ni àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ tà ní àwìn lò nígbà tí ó yá, àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sọ lórúkọ ní Òṣómàáló, nítorí wọ́n ń wí pé òṣó ni àwọn yóò wà títí àwọn yóò fi gba owó àwọn.

Síbẹ̀, ilé náà kì í di títà. Nínú èrò àwọn baba wa, ilẹ̀ àti ilé jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè àti ti àwọn tí a kò tí ì bí. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí kò ju olùtọ́jú lọ. Bí a bá tilẹ̀ fi oko dógò, olówó kàn ń jẹ èso rẹ̀ ni. Ọjọ́kọ́jọ́ tí a bá mú ojú owó dé, ìbáà ṣe ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ẹni tí ó yá a ni ó mú un wá, olówó gbọ́dọ̀ dá oko náà padà. Ìdógò kò ní ọjọ́ ikú.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi dídùn ìtàn bo kíkorò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ilé kò ti di títà yìí, ènìyàn ni ó ń san án. Nígbà tí ìdílé bá nílò owó ìsìnkú, owó ìtanràn tàbí owó láti lé ológò jáde, ọmọ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sin olówó títí yóò fi di géńdé, kí ojú owó má sì tí ì dín kù. Ìjọba amúnisìn fi òfin dín àṣà yìí kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi parẹ́, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò fẹ́ kí ó padà wá. Ohun tí a fẹ́ mú jáde nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ilé ni ó ń mọ̀ nípa gbèsè, gbogbo ilé ni ó sì ń ru ú, bí ẹrù náà tilẹ̀ máa ń wọ orí ẹni tí kò jẹ gbèsè rárá.

Èkó: Ìwé Ilẹ̀ àti Àyípadà Ńlá

Èkó ni ọ̀ràn ti kọ́kọ́ yí padà. Ní 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá kọlu Èkó tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sí orí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògúnṣù 1861, wọ́n mú kí ọmọ rẹ̀, Ọba Dòsùnmú, fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. A. G. Hopkins, onímọ̀ ìtàn, ṣe àlàyé ní 1980 pé ọ̀kan nínú ìdí pàtàkì tí wọ́n fi gba Èkó ni ọ̀ràn ohun ìní àti gbèsè. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ń fi ọjà sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò dúdú ní àwìn, kí wọ́n lọ fi ra epo pupa àti èkùrọ́ wá láti òkè. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọn yóò dì mú bí owó kò bá dé. Ilẹ̀ tí kò ṣeé tà kò wúlò fún wọn. Ilẹ̀ tí ó ní ìwé, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì wà lórí ìwé náà, ni ó wù wọ́n.

Dòsùnmú ti ń fún àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú. Láti 1863, ìjọba tuntun yan ìgbìmọ̀ láti yẹ ọ̀ràn ilẹ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀. Nígbà tí ó di 1876, wọ́n dá ilé-ẹjọ́ gíga sílẹ̀ ní Èkó. Òfin tí ó dá a sílẹ̀ mú òfin Gẹ̀ẹ́sì wọlé gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ 1874, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pẹ̀lú pé kí adájọ́ máa tẹ̀lé òfin àti àṣà ìbílẹ̀ níbi tí kò bá ti tako ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Báyìí ni irú òfin méjì ṣe jókòó pọ̀ sínú ilé-ẹjọ́ kan. Inú àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ilé gbà sọnù, ibẹ̀ náà sì ni a ti gba àwọn mìíràn là.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdógò Gẹ̀ẹ́sì àti ìdógò tiwa? Òfin Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé ẹni tí ó fi ilé dógò ní ẹ̀tọ́ láti rà á padà, àní bí ọjọ́ tí ó dá tilẹ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n olówó lè tọ adájọ́ lọ kí adájọ́ dá ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsan owó, ilẹ̀kùn ìràpadà ti sé nìyẹn. Bí ìwé àdéhùn bá sì ti fún olówó ní agbára láti tà, ó lè lu ilé náà ní gbàǹjo, kí ó yọ owó tirẹ̀, kí ó sì fún ajigbèsè ní èyí tí ó bá ṣẹ́kù. Ìdógò tí kò ní ọjọ́ ikú ti di ohun tí a lè dá ọjọ́ ikú fún.

Òwò epo kò dúró lójú kan. Iye tí òyìnbó ń ra epo já wálẹ̀ gidigidi ní àwọn ọdún 1880; ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, sì ń dí ọ̀nà tí ọjà ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá sí etíkun. Oníṣòwò tí ó ti kó ọjà àwìn kò rí epo kó dé, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ olówó. Ilé tí àwọn ìyá, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn àbúrò àti àwọn ará ilé mìíràn ń gbé di ohun tí a ń kéde fún títà. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rí pé ìwé kan wà níbì kan tí ó sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ilé tí a bí wọn sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń gbà wá ìrànlọ́wọ́. Èkíní, ẹbí a máa dá owó láti ra ilé padà kí ọjọ́ tó pé. Èkejì, wọn a sá tọ baba ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn ọlọ́rọ̀ tàbí olóyè tí yóò bá wọn san owó tàbí tí yóò bá olówó sọ̀rọ̀. Gbajúmọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Daniel Conrad Taiwo, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó, ẹni tí ó kú ní 1901. Ayánilówó ni, baba ìsàlẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí baba ìsàlẹ̀ bá gbà sílẹ̀ kò tíì bọ́, nítorí yóò máa sin ín ni. Ẹ̀kẹta, ẹbí a máa lọ sí ilé-ẹjọ́ láti sọ pé: ilé yìí kì í ṣe ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nìkan, ilé ẹbí ni.

Ilé Ẹbí Níwájú Adájọ́

Ọ̀nà kẹta yìí ni ó ní ìtàn tí ó gùn jù lọ. Ní 1898, Adájọ́ Àgbà Rayner ti Èkó kọ ìròyìn kan lórí ilẹ̀, nínú èyí tí ó ti sọ pé àwọn ìbílẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ilẹ̀ ẹnì kan. Ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí ni ilẹ̀, olórí sì jẹ́ alábòójútó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé lé ọwọ́ nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ní 1921. Herbert Macaulay ni ó bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1920. Òótọ́ ni pé ọ̀ràn gbèsè kọ́ ni ẹjọ́ náà. Ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà fi ẹsẹ̀ ohun kan múlẹ̀: adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan wo ohun ìní ìbílẹ̀.

Ẹ̀ka gbèsè kò gbẹ́yìn. Nínú ẹjọ́ Jacobs àti Oladunni Brothers, tí a dá ní 1935, ilé-ẹjọ́ sọ pé ọmọ ẹbí kan kò ní ìpín tí a lè gé jáde nínú ilé ẹbí tí a kò tíì pín, nítorí náà a kò lè gbẹ́sẹ̀ lé e láti fi san gbèsè tí òun nìkan jẹ. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí ọmọ ẹbí lásán bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, títà náà jẹ́ òfo láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí ni ó tà á láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí àwọn tí ọ̀ràn kàn yóò fi lọ sí ilé-ẹjọ́ láti yí i padà. Ìlànà kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí fífi ilẹ̀ ẹbí dógò. Ní 1974, nínú ẹjọ́ Okoiko àti Esedalue, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún fi ìdí ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ múlẹ̀, pé ìdógò ti ìbílẹ̀ ṣeé rà padà nígbàkigbà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Àwọn olùdánwò a máa há àwọn ọdún wọ̀nyí sórí, wọ́n a sì gbàgbé kókó tí ó so wọ́n pọ̀. Kókó náà ni ìfọwọ́sí. Ohun tí adájọ́ ń béèrè nínú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ni pé: ta ni ó mọ̀, ta ni ó sì gbà bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí ológò ń fi ariwo bi agbo ilé náà ni èyí, àfi pé ilé-ẹjọ́ ń fi pẹ̀lẹ́tù béèrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ ní òpin tirẹ̀. Ẹbí tí ó mọ̀ tí ó dákẹ́, tí ó ń wo olùrà bí ó ti ń kọ́lé lórí ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀, lè dé ilé-ẹjọ́ kí adájọ́ wí fún wọn pé oorun tí wọ́n sùn ti pọ̀ jù.

Oko Kòkó àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ní òkè, oko kòkó ni ó gba ipò ilé. Igi kòkó máa ń so fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ó dára púpọ̀ fún ìdógò. Àgbẹ̀ tí ó nílò owó ìgbéyàwó, owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí owó ẹjọ́ a fi oko rẹ̀ yá owó. Olówó a máa ká kòkó lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó a sì wà níbẹ̀ digbí. Ìwádìí ńlá tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní 1951 sí 1952, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1956, fi hàn bí gbèsè ti wọ inú ìgbésí ayé àgbẹ̀ tó. Níhìn-ín ni a ti rí àléébù ìdógò tiwa. Òfin sọ pé a lè ra oko padà nígbàkigbà, ṣùgbọ́n níbo ni àgbẹ̀ yóò ti rí owó nígbà tí oko tí ì bá mú owó wá wà lọ́wọ́ olówó? Ẹ̀tọ́ ìràpadà tí kò ní owó lẹ́yìn dàbí kọ́kọ́rọ́ ilé tí ó bọ́ sínú kànga.

Àwọn ayánilówó tí a ń pè ní sogúndogójì kò sì jìnnà. Orúkọ wọn ti sọ iṣẹ́ wọn: ogún tí o yá lónìí, ogójì ni ìwọ yóò san. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, ó sì fi ààlà sí èlé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lórí àìsàn lóru kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí yóò yá a lówó.

Ìrànlọ́wọ́ tí ó wúlò jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn. Yorùbá ti mọ èésú àti àjọ tipẹ́. Wọ́n ti mọ àáró àti ọ̀wẹ̀. Ní 1934, C. F. Strickland, tí ìjọba pè wá ṣe ìwádìí, dábàá pé kí á dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Òfin náà jáde ní 1935. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ti Gbẹdun, ní agbègbè Ìbàdàn, ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ní 1937. Ní 1953 ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní báǹkì tiwọn, Báǹkì Alájẹṣẹ́kù ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn. Ọ̀mọ̀wé ni ní ìgbà tirẹ̀, ó sì kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìwé náà wà ní yàrá ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá kà wọ́n yóò rí ọkùnrin tí gbèsè ń dà láàmú, tí ó ń dun ọkàn rẹ̀ pé òun kàwé ṣùgbọ́n òun kò lówó. Kò yà wá lẹ́nu pé ẹni tí ó ti mọ bí gbèsè ti ń korò ni ó di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gba àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí á wò dáadáa. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó yóò dìde ní ìpàdé, yóò sọ ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe. Àwọn tí ó mọ oko rẹ̀, tí wọ́n mọ ìwà rẹ̀, ni yóò pinnu. Yóò mú onídùúró wá láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí ìkórè kò bá dára, wọ́n ti mọ̀ kí ó tó wí. Gbangba tí ológò fi ipá dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbèsè ti bàjẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí gbèsè tó bẹ̀rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Òfin Ilẹ̀ 1978 àti Ìgbà Tiwa

Ìjọba náà wá ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lè gbà ní ilé. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń yá ènìyàn ní owó ìkọ́lé sílẹ̀ ní 1956. Òun ni ó di Báǹkì Owó Ilé ti Ìjọba Àpapọ̀ ní 1977. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978, òfin ilẹ̀ tuntun jáde, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tàbí ilé dógò fún báǹkì gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà.

Ní 1989 ni ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ajilo ti fi ilé dógò ní 1980. Nígbà tí báǹkì fẹ́ lu ilé náà ní gbàǹjo, ó ké sí ilé-ẹjọ́ pé gómìnà kò fọwọ́ sí ìdógò náà. Ilé-ẹjọ́ gbà pé òfo ni ìwé ìdógò náà, ilé kò sì di títà. Ọ̀pọ̀ onílé yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin béèrè pé: ẹni tí ó gba owó, tí ó sì ná an, ṣé ó tọ́ kí ó fi àṣìṣe tí òun náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀ bọ́ nínú gbèsè? Nínú àwọn ẹjọ́ tí ó tẹ̀lé e, bíi ti Ugochukwu ní 1996, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò fẹ́ kí ajigbèsè jèrè àìṣòótọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbójú lé àlàfo òfin nìkan kò tíì rí ìrànlọ́wọ́ tòótọ́.

Ìkádìí

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Kò kọ́ wa pé kí á padà sí ayé ológò àti ìwọ̀fà. Ó kọ́ wa pé gbèsè tí a bá tètè sọ, a tètè rí ọ̀nà gbé e gbà. Òfin pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá tètè dìde. Nínú òfin ohun ìní tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fún olówó ní àṣẹ láti ta ilé ni kí ó ti fún ajigbèsè ní ìwé pé kí ó san owó, kí oṣù mẹ́ta sì ti kọjá láìsan án, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Títí di ìgbà tí olówó yóò fi bá olùrà ṣe àdéhùn títà, ajigbèsè ṣì lè mú owó dé kí ó ra ilé rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́ta tó fún ẹbí láti pe ìpàdé. Ó tó láti tọ olówó lọ kí á sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pín owó náà sí ọ̀nà kéékèèké. Ó tó láti kàn sí agbẹjọ́rò, tàbí, fún àwọn tí ó wà ní Èkó, ibùdó ìlàjà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1999, níbi tí a ti ń parí aáwọ̀ láìgba owó. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kò tó nǹkan kan fún lẹ́tà tí ó wà ní abẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtumọ̀ ìwọ̀fà àti ìdógò, ẹ má jẹ́ kí á kọ́ wọn bí ẹni pé ohun tí ó ti kú ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí a ti ń jókòó pín ogún ni ó yẹ kí á máa jókòó wo ìwé ilé: ibi tí ó wà, orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, àti bóyá ó ti kúrò nílé rí. Yorùbá wí pé ikú yá ju ẹ̀sín, òótọ́ sì ni pé ẹ̀sín ni ó ń di ẹnu ajigbèsè. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a sọ yìí, kò sí ilé kan tí ìdákẹ́jẹ́ gbà là.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà tí ó tẹ̀lé e. Láti ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ti ń wá, ní òdì kejì ìlú. Nígbà tí mo bi í léèrè bàbá rẹ̀, ó ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ti gba iyàrá kan. Ó ní àwọn àbúrò bàbá òun ti ń dá owó báyìí, wọn yóò fi ra ilẹ̀ kékeré kan, orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sì wà lórí ìwé rẹ̀.